Ìwé Owó Kì í Ṣe Ti Ẹnì Kan

 

Àdúgbò Ladjifarani ni mo ń gbé, ní ìlú Parakou. Ọmọ Ṣábẹ ni mí. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi wá sí Parakou nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò láti Kútọnu wá sí Parakou, ọ̀nà kìlómítà 438. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wá bá. Gàrí ló ń tà ní ọjà Arzèkè. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wọn gàrí, bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ èyí tó gbẹ dáadáa, àti bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò kọ́ mi ní ìwé, nítorí òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín. Ìtàn owó ni, ìtàn ìwé náà sì ni. Apá kan nínú rẹ̀ dùn mọ́ mi. Apá kan ń tì mí lójú títí di òní. Màá sọ méjèèjì.

Owó tó sọnù

Ní ọdún 1996, èmi àti bí ogún obìnrin ní àdúgbò wa ń dá àjọ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan. Ẹ mọ bí àjọ ṣe rí. Lójoojúmọ́, alájọ á wá bá wa ní ìdí ọjà wa. A ó fún un ní 200 fráǹkì. Á fi bíìkì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ wa, á sì kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Bí oṣù bá pé, á kó owó wa fún wa, á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ẹ kò gbé owó lọ sí bánkì? Ẹ rántí pé láàrin ọdún 1988 sí 1989, àwọn bánkì ìjọba wó lulẹ̀ ní Benin. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi owó síbẹ̀ kò rí i gbà nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù púpọ̀ láì gba owó oṣù. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù bánkì ti ń bà wá. Bánkì pàápàá kò wá ẹni tó mú 200 fráǹkì dání. Nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó CFA kù sí ìdajì. Ọjà tó ń ti òkè òkun wá gbówó lérí. Fráǹkì kọ̀ọ̀kan di ohun tí a ní láti ṣọ́.

Èmi kì í gba owó mi lóṣooṣù. Mo ní kí alájọ máa bá mi tọ́jú rẹ̀ títí ilé-ìwé á fi wọlé. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí ti yege ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Owó rẹ̀ ni mo ń tọ́jú.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, alájọ kò wá. Ọjọ́ kejì, kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, a lọ bá a nílé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwọn ará ilé náà ní òru ló kó ẹrù rẹ̀. Títí di òní, a kò rí i mọ́.

Ọmọ mi kò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé igbá gàrí, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọjà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìdákẹ́ rẹ̀ dùn mí ju ẹkún rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo kà

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Nàgó. Alẹ́ la máa ń kọ́ ọ, lẹ́yìn tí a bá ti ọjà dé. Ojú ń tì mí. Ọwọ́ tó ń wọn gàrí láti àárọ̀ kò mọ bí a ṣe ń di bíìkì mú. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo ti mọ nọ́ńbà dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ìwé àjọ àtijọ́ yẹn jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Mo tan àtùpà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oṣù kan wà tí mo mọ̀ dájú pé mo san owó ọjọ́ 30. Ó yẹ kó jẹ́ 6 000 fráǹkì. Ohun tí alájọ kọ síbẹ̀ ni 4 400. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó kọ 3 800.

Ó ti ń jí owó mi tipẹ́tipẹ́ kó tó sá lọ. Ó sì ń kọ olè náà sílẹ̀ lójú mi, sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Mo ń wò ó. Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí: ẹni tó mọ̀wé wà nínú ilé mi. Ọmọ mi ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé. Ká ní mo fi ìwé náà hàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ owó àgbà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń mọ̀. Èmi ni mo fi ìwé pamọ́ fún ẹni tó lè kà á.

Àpótí àti ìwé

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta òrí àti ọṣẹ. Òun náà pàdánù owó lọ́dọ̀ alájọ yẹn. Ní ọjọ́ kan, ó pe àwa obìnrin jọ sí abẹ́ igi tó wà níwájú ilé rẹ̀. Ó ní: “Ẹni tí ejò bù jẹ rí ń bẹ̀rù ekòló. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kálukú wa bá di owó rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ, kò ní kúrò ní owó ìdí aṣọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.”

Àwa 12 ló gbà. Ohun tí a ṣe nìyí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi 100 fráǹkì pamọ́ lójúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kálukú á mú 700 fráǹkì wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 400. A ra àpótí onígi tó ní àgádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ obìnrin kan, èkejì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àpótí fúnra rẹ̀ wà nílé ìyá àgbà. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí èmi nìkan ló ti mọ̀ ọ́n kọ nínú wa. Bí mo bá kọ orúkọ àti owó tán, màá kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, owó pé 33 600 fráǹkì. A kò pín in. A yá ọ̀kan nínú wa ní 15 000, kó fi ra gàrí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò mọ̀ pé ẹni tó ra ọjà díẹ̀díẹ̀ ń rà á ní ọ̀wọ́n. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó dá 15 000 padà, ó fi 750 lé e.

Kí la fẹ́ fi 750 yìí ṣe? Àwọn kan ní ká pín in. Ìyá àgbà ní rárá. Ó ní ká rán àpò aṣọ kan, ká máa kó èlé sínú rẹ̀, kó jẹ́ ti ọmọbìnrin tí owó ilé-ìwé rẹ̀ bá wọ́n. Ojú ọmọ mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Bí òwò wa ṣe di ohun tó kọjá òwò nìyẹn. Nígbà tí òrí bá pọ̀, tí kò wọ́n, a máa ń fi owó àpótí rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé tó ń ṣe é. A ń san owó wọn lójú ẹsẹ̀. A ń tọ́jú òrí náà títí á fi wọ́n, a ó tà á. Wọ́n rí èrè, àwa náà rí èrè, àpò aṣọ sì ń wúwo.

Ohun tí èmi náà ṣe

Wàyí o, mo ti dé ibi tó ń tì mí lójú.

Ní ọdún kejì, ibà mú ọmọ mi ọkùnrin tó kéré jù. Kò sí owó nílé. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa rí mi ní ọjà. Ó fún mi ní 3 000 fráǹkì gbèsè rẹ̀, pé kí n bá òun fi sínú àpótí ní ọjọ́ Àìkú. Mo fi ra oògùn.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, mo ṣí ìwé. Mo ka orúkọ rẹ̀ sókè, mo ní 3 000 ti wọlé. Kò wọlé. Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n ní: “O ṣeun, akọ̀wé.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí ọ̀bẹ. Bí èmi náà ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ alájọ nìyẹn.

Mo dá owó náà padà kí oṣù tó parí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sùn. Mo lọ bá ìyá àgbà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á pariwo lé mi lórí. Kò pariwo. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ọmọ mi, owó tí o mú kò dùn mí tó báyìí: ìwọ nìkan ló lè ka ìwé wa. Alájọ kan sá lọ, àwa fúnra wa tún fi òmíràn jẹ. Wàá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, wàá kọ́ wọn ní ohun tí o mọ̀.”

Mo sọ ọ́. Àwọn kan bínú, ẹni tó fún mi lówó sì sunkún. Mo san 500 fráǹkì owó ìtanràn. Nígbà náà ni a fi òfin tuntun lélẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ di ìwé mú. Ẹni tó bá kọ ọ́ kọ́ ni yóò kà á sókè. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni méjì ní ìwé kíkà kí ọdún tó yí po, kí a sì yan akọ̀wé mìíràn. Ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè láti máa yẹ ìwé mi wò. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà tí mo kọ. Ó rí àṣìṣe mẹ́ta ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn tó kọ́ ẹlòmíràn

N kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ́ àwọn tó kù, kò dùn mọ́ mi. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, bí gbogbo wọn bá mọ̀ ọ́n, kí ni wọ́n á tún fi máa bọ̀wọ̀ fún mi? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, mo rí ìtàn àwọn tí kò ronú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ni Esther Ocloo, ọmọ orílẹ̀-èdè Ghana, tí wọ́n bí ní ọdún 1919. Nígbà tó jáde ilé-ìwé, owó ṣílè mẹ́wàá péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ra ọsàn àti ṣúgà, ó sè é, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó tà á. Láti inú ìgò ọsàn yẹn ló ti dá ilé iṣẹ́ tó ń pèsè oúnjẹ sílẹ̀. Ó lè fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́. Kò fi pamọ́. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́, àti bí a ṣe ń ṣírò iye tí ọjà náni kí a tó mọ èrè. Ó wà lára àwọn tó dá Women's World Banking sílẹ̀ ní ọdún 1979, kí obìnrin tó ní òwò kékeré lè rí owó yá. Òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kú ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ kò gbàgbé iṣẹ́ náà.

Èkejì wà nítòsí wa. Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ń ṣe olùkọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà tí ìyàn mú ní Áfíríkà. Ó wá sí Benin. Ní ọdún 1985, ìjọba fún un ní hẹ́kítà ilẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ náà kò dára. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Songhaï. Ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná, ohun tó ṣẹ́ kù lára irè oko ń di oúnjẹ ẹran. Wọn kì í da nǹkan nù. Wọ́n ń ta irè oko wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán, a kì í so ó mọ́lẹ̀. Á lọ dá oko tirẹ̀ sílẹ̀. Songhaï ní ibùdó ní Parakou níbí pẹ̀lú.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn méjèèjì jẹ èrè, nítorí òwò tí kò lérè kò lè pẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ti ọgbọ́n mọ́ inú àpótí. Ohun tó sọ wọ́n di olórí gan-an ni wọ́n fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ìdánwò ńlá

Nígbà tó yá, owó wa pọ̀ ju ohun tí àpótí lè gbé láìsí ewu. A kó o lọ sí CLCAM. Ohun tó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ ni pé àwọn tó ń fi owó síbẹ̀ fúnra wọn ni ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ló sì ń yan àwọn tó ń bójú tó o. Ọdún 1993 ni wọ́n dá FECECAM sílẹ̀, èyí tó so àwọn CLCAM pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú pẹ̀lú ìlérí èlé ńlá pọ̀ ní Benin. Ẹnì kan wá bá wa ní Ladjifarani. Ó ní bí a bá kó owó wa wá, láàrin oṣù díẹ̀ á lé ní ìlọ́po. Ojú àwọn kan nínú wa wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà ti darúgbó gan-an nígbà náà. Ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ìwé yín dà, kí àwọn ọmọ mi kà á?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé àwọn le fún obìnrin ọjà láti kà. Ìyá àgbà ní: “Tí ìwé bá le, owó wa náà á le láti rí gbà.” A kò fún un ní nǹkan kan.

Ní ọdún 2010, ọ̀rọ̀ ICC-Services bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Benin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi owó síbẹ̀ nítorí èlé ńlá pàdánù rẹ̀. Àwọn mìíràn ti ta ilẹ̀ wọn kí wọ́n lè rí owó fi síbẹ̀. A kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí kò bá sí ìwé kíkà, àwa náà ì bá wà níbẹ̀.

Àpò aṣọ náà ńkọ́?

Ọmọ àkọ́kọ́ tí àpò aṣọ náà rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe tèmi. Ọmọ òrukàn kan ni. Nígbà tí owó fi tó, ọmọ mi ti wọ iṣẹ́ aránṣọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Ní ọdún 2006, ìjọba ní kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ìwé, aṣọ àti oúnjẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ṣì ń gba owó nígbà náà. Nítorí náà, a kò tú àpò náà ká.

Mo bi ọmọ mi lọ́jọ́ kan bóyá ó ṣì ń bínú sí mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà níwájú rẹ̀. Ó ní: “Ìyá, ọdún yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ka ìwé yín níkẹyìn.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò lè dá ọdún náà padà fún un. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìyá àgbà ti kú. Ẹgbẹ́ wa ṣì ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi kọ́ ni akọ̀wé mọ́. Mo ti di arúgbó, ojú mi kò sì ríran dáadáa mọ́. Ọmọ mi wà lára àwọn tó ń ka ìwé sókè, èmi a sì máa gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ṣe olórí yín, tàbí kó bá yín tọ́jú owó, ẹ bi í pé: Ṣé a lè rí ìwé náà? Ènìyàn mélòó nínú wa ló lè kà á? Ta ni ẹ ń kọ́, tó lè ṣe é bí ẹ kò bá sí?

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ni olórí, ẹ má dúró kí wọ́n tó bi yín. Ẹ ṣí ìwé náà. Ẹ pe ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín, kódà bó jẹ́ ọmọ yín. Ẹ ní kó bá yín kà á.